Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Mẹ́mọ́rì tí Linux ń yà sọ́tọ̀

Bí ẹ bá rí crashkernel=256M nínú àṣẹ tí wọ́n fi ń tan server Linux, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Ó ń sọ fún kernel pé kó ya 256MB sọ́tọ̀ látìgbà tí ẹ̀rọ bá ti ń tàn. Ibẹ̀ ni kernel kejì ń dúró sí de ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá dákú. Kdump lorúkọ ètò náà, ó sì ti wà nínú Linux láti ọdún 2005. Ẹlòmíì á ní, ṣé kernel tó ń dákú kò lè kọ ohun tó ṣe é sí dísíkì fúnra rẹ̀ ni? Kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ohun tó bà á jẹ́ lè ti ba apá tó ń kọ nǹkan sí dísíkì jẹ́, kó wá kọ ìkọkúkọ lé fáìlì oníbàárà lórí. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì pàápàá ṣì lè máa da dátà sínú mẹ́mọ́rì tí wọ́n ti fún un tẹ́lẹ̀. Ibi tí a yà sọ́tọ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dé. Láti ibẹ̀ ni kernel kejì ti ń ka mẹ́mọ́rì ti kernel àkọ́kọ́ nínú /proc/vmcore, tó sì sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ sí /var/crash.

Àwọn tó ń ráhùn pé ìfiṣòfò ni ní ẹ̀tọ́ díẹ̀: lórí ẹ̀rọ 1GB, ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí server 64GB, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rí tó sì ń gbà là kò ní sí mọ́ tí a bá kàn pa ẹ̀rọ tàn. Ẹ wo /sys/kernel/kexec_crash_loaded lórí tiyín: 1 túmọ̀ sí pé kernel kejì ti wà ní sẹpẹ́.