Ẹ̀fọn Inú Àmù: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Wa ní Ouagadougou

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé Ouagadougou, yálà ní Dapoya, Gounghin, Tampouy tàbí Karpala, àwọn ayálégbé kan wà nínú ilé wa tí wọn kì í san owó ilé: ẹ̀fọn, aáyán, eku, eṣinṣin, ìdun, àkeekèé. Gbogbo wọn ló ń yọni lẹ́nu, àmọ́ ẹ̀fọn ló ń rán èèyàn lọ sọ́run jù. Òun ni ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí yóò dá lé jù, a ó kàn fẹnu ba díẹ̀ nínú àwọn yòókù.

Dẹ́ńgè tó jà ní 2023

Ní 2023, ibà dẹ́ńgè jà ní Burkina Faso bí kò ṣe jà rí. Àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú lé ní 140,000, àwọn tó sì bá a lọ lé ní 600. Ouagadougou níbí àti Bobo-Dioulasso ni ọwọ́ rẹ̀ ti le jù. Oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá ló gbóná jù, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí o. Láti 1925 ni wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ níbí, ó sì tún yọjú ní 2013, 2016 àti 2017.

Palu dengue ni àwọn ará ìlú ń pè é, orúkọ yẹn sì ti kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí ibà lásán ni palu. Wọ́n rò pé ibà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n a ra oògùn ibà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n a máa lò ó, àìsàn á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà lásán kiri yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé dẹ́ńgè. Ti àkọ́kọ́ a máa jẹni lóru, inú omi òjò tó dúró sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń yé sí. Èkejì, ara rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlà funfun, ojúmọmọ ló sì ń jẹni, pàápàá láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Àwọ̀n tí ìjọba ti ń pín kiri láti 2010 wúlò gan-an, ẹ má ṣe fi ti yín bo ẹ̀fọ́ tàbí ká adìyẹ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kò lè gba ìyá tó jókòó ti agbada àkàrà ní aago 7 àárọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀fọn ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ ká fi gọ́tà sílẹ̀ ná

Bí ẹ̀fọn bá pọ̀ ládùúgbò, gọ́tà ni gbogbo wa máa ń di ẹ̀bi rù. Lóòótọ́ ó yẹ ká kó gọ́tà, nítorí ẹ̀fọn tó ń kùn sí wa létí lóru sábà máa ń ti ibẹ̀ wá. Ẹ̀fọn dẹ́ńgè kò fẹ́ràn omi ẹlẹ́gbin ní tirẹ̀. Omi tó mọ́ ló ń wá, èyí tí a pọn sílé fún mímu àti wíwẹ̀. Kì í sì í sábà fò jìnnà sí ibi tí wọ́n bí i sí. Bí ó bá ń jẹ yín nínú àgbàlá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àgbàlá yín náà tàbí ti ẹni tí ẹ jọ mọ ògiri ni wọ́n ti bí i. Ẹni tó bá wá kó gọ́tà tán tí kò ṣí ìdérí àmù rẹ̀ wò, ọ̀tá ṣì wà nílé dè é.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú àmù tàbí dúrọ́ọ̀mù yín lónìí. Bí ẹ bá rí ohun tín-ín-rín kan tó ń lọ́ ara rẹ̀, tó ń sá lọ sísàlẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, tó tún ń gòkè wá mí, tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, nìyẹn. Ẹ tún wo ara àmù náà, lókè díẹ̀ sí ibi tí omi dé. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn yìí ń yé sí. Ẹyin náà dúdú, ó kéré débi pé ẹ lè rò pé ìdọ̀tí ni, ó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ó lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú. Ẹ lè da omi nù nígbà tí òjò bá dá, kí àmù wà ní òfìfo jálẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún pọn omi sí i, ẹyin ọjọ́sí á pa.

Ìdí nìyí tí dída omi nù nìkan kò fi tó. Ẹ fi kànrìnkàn tàbí búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ha ara àmù, dúrọ́ọ̀mù àti báàkẹ́ẹ̀tì láti ìdí dé ẹnu, kí ẹ tó pọn omi tuntun sí i. Ó máa ń gba ẹyin ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Bí ẹ bá ń fọ ohun ìpọnmi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò ní ráyè dàgbà. Ẹ mú ọjọ́ kan tí kò ní yẹ̀, bóyá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tàbí kí ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi iṣẹ́ náà lé ẹnì kan lọ́wọ́ nínú ilé. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti gbogbo ilé, kì í ní ẹni tó ń ṣe é.

A mọ̀ pé omi ẹ̀rọ kò dé gbogbo adúgbò, pé ó sì máa ń dá nígbà ooru láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke kò lè ṣàì fi omi pamọ́. A kò ní kí ẹ má gbé omi sílé, ìdérí ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Pákó tí a gbé lé ẹnu dúrọ́ọ̀mù tí àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìdérí, ẹ̀fọn á gba àyè yẹn kọjá. Bí ìdérí kò bá bá ẹnu rẹ̀ mu, ẹ ta aṣọ tàbí àwọ̀n àlòkù tó mọ́ sí i lẹ́nu, kí ẹ fi rọ́bà so ó yíká.

Ẹ má gbàgbé àwọn ohun tí a kì í kà sí: ìdí ìkòkò òdòdó, ọpọ́n omi adìyẹ, agolo, ọ̀rá omi tí a sọ nù, ike àlùwàlá ẹ̀yìn ilé, àti àwo kékeré tó wà lẹ́yìn fíríìjì tí omi ń kán sí. Táyà àlòkù ló burú jù nínú gbogbo wọn, ì báà wà ní ṣọ́ọ̀bù fọganáísà tàbí lórí páànù kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀ kí omi lè jò dànù, tàbí kí ẹ rọ iyanrìn kún un.

Oògùn apakòkòrò

Ẹ̀rù oògùn apakòkòrò ń bà wá ju ti aáyán lọ. Ní Nàìjíríà, ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní kí wọ́n má ta oògùn apakòkòrò dichlorvos inú ìgò kéékèèké tí kò ju 100ml mọ́, nítorí àwọn tó ń gbé e mu. Kò yẹ kí ẹ tún máa dì í sínú ẹrù bọ̀ láti ilé. Oògùn tí àwọn àgbẹ̀ olówùú fi ń fín oko, tí wọ́n bù sínú ìgò tí kò ní ìwé lára, kì í ṣe oògùn inú ilé rárá. Ẹ má ṣe bu oògùn kankan sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ẹ gbé ọmọ náà àti ìgò náà lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Eku, aáyán àti àkeekèé

Ẹni tó ti Ọ̀wọ̀ tàbí Àkúrẹ́ wá kò nílò àlàyé pé eku ló ń gbé ibà Lassa kiri. Ẹ fi ìdérí tó le bo gàrí, àgbàdo àti ìrẹsì. Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń kó ọjà sínú ilé, ẹ gbé e lé orí pákó, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ọjà àti ògiri. Inú páálí tí a kó ti ọjà dé ni aáyán sábà máa ń bá wọlé: ẹ tú u síta, ẹ má fi páálí pamọ́. Ẹ fọ àwo kí ẹ tó sùn. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́ nítorí àkeekèé, bó bá sì ta ọmọdé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i.

Bí ibà bá dé

Ibà dẹ́ńgè máa ń gbéra lójijì: ara gbígbóná, orí fífọ́, ìrora lẹ́yìn ẹyinjú àti ní oríkèé, nígbà mìíràn ara á sú. Parasitamó nìkan ni kí ẹ lò kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn. Ẹ má lo aspirin, ibuprofen tàbí diclofenac, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ẹ mu omi dáadáa. Kí aláìsàn sùn lábẹ́ àwọ̀n, ọ̀sán ni o, òru ni o, kí ẹ̀fọn má baà gbé àìsàn náà láti ara rẹ̀ lọ sára ẹlòmíràn.

Ìgbà tí ara bá ti ń tutù, tí ẹ ń dúpẹ́, gan-an ni ewu máa ń wọlé. Bí inú bá ń run aláìsàn gidigidi, tó ń bì ṣáá, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní erìgì tàbí imú, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Ẹ gbé e lọ sí CSPS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba ládùúgbò, tó sún mọ́ yín. Láti 2016 ni ìtọ́jú aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ti di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí àìlówó má ṣe dá ẹnikẹ́ni dúró sílé.