Eku ni wọ́n ń lé, ejò Antigua ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run

Ejò kan wà ní Antigua, ní àgbègbè Kàríbéánì, tí wọ́n ń pè ní Antiguan racer. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sábà gùn ju mítà kan lọ, kò sì lóró tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Alángbá ni oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀, ejò jẹ́jẹ́ yìí di ọ̀kan lára àwọn ejò tó ṣọ̀wọ́n jù lọ láyé. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò yára ní igi àti àdá ọmọ aráyé ló fà á, nítorí ta ló ń rí ejò tó ń dúró wádìí bóyá ó lóró? Igi àti àdá ṣe tiwọn, àmọ́ wọn kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ọgbọ́n tí àwọn olóko dá sí ọ̀rọ̀ mìíràn, tí wọn kò rò ó já, ló ṣe ejò náà lọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ eku ni. Ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ló gbé e dé àwọn erékùṣù Kàríbéánì, ó sì ń ba ìrèké jẹ́ lóko. Ní 1872, wọ́n kó ẹranko kan tó ń jẹ́ mongoose láti Íńdíà wá sí Jàmáíkà pé kó máa pa eku. Àwọn olóko erékùṣù yòókù rí i, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rúndún 19 sì tó parí, ó ti dé Antigua. Àfi bíi pé ẹnikẹ́ni kò béèrè ìgbà tí oníkálukú ń jáde. Òru ni eku ń rìn, ọ̀sán ni mongoose ń ṣọdẹ. Ejò yìí náà, ọ̀sán ló ń jáde. Kò sí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ rẹ̀ rí, nítorí náà kò mọ bí a ṣe ń sá fún un. Eku tó sì yẹ kó kú ṣì wà níbẹ̀, ó ń jẹ ẹyin ejò, ó ń gé ejò àgbà nírù jẹ. Nígbà tó fi di 1936, wọ́n ti gbà pé ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àṣé ó ṣẹ́ kù díẹ̀ sórí Great Bird Island, erékùṣù kékeré tí kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 10 lọ. Mongoose kò débẹ̀, ṣùgbọ́n eku ti débẹ̀. Ní 1995, nǹkan bí 50 péré ni ejò tó kù. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n fi májèlé pa gbogbo eku ibẹ̀, ejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lára wọn lọ sí àwọn erékùṣù mìíràn nítòsí, bíi Rabbit Island àti Green Island. Ní báyìí, wọ́n ti lé ní 1,000.

Àwọn kan lè sọ pé ìwà àtojúbọ̀ kan náà nìyí, pé ẹni tó fi mongoose lé eku àná ló tún ń fi májèlé lé e lónìí. Àtakò yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mongoose ń bímọ, ó ń tàn kálẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè pè é padà. Májèlé tí a dẹ sórí erékùṣù kékeré ní ààlà, ó sì ní òpin. Àwọn mìíràn yóò béèrè àǹfààní tí ejò ń ṣe fún ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. A lè dáhùn pé bí eku ṣe lọ, àwọn ẹyẹ òkun rí ibi yé ẹyin sí, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sì ń náwó láti lọ wò wọ́n. Òótọ́ ni, àmọ́ èmi kò gbára lé ìdáhùn yẹn púpọ̀, nítorí ẹyẹ ló ń pawó níbẹ̀, kì í ṣe ejò. Èyí tó wọ̀ mí létí jù ni pé ọwọ́ ènìyàn ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, àtúnṣe rẹ̀ kò sì kọjá agbára ènìyàn.

Àtúnṣe náà kò tíì délé. Mongoose ṣì wà káàkiri Antigua gan-an, nítorí náà ejò kò lè padà síbẹ̀. Eku mọ omi í wẹ̀, ó sì lè bá ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò kan náà gúnlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ àwọn erékùṣù náà lọ́dọọdún.