Ọ̀rọ̀ Sáà Kìn-ín-ní: Ẹ̀yin Òbí, Òdo Inú Rẹ́jísítà Kì í Ṣe Ohun Kékeré

Iṣu tuntun ti dé ọjà, àwọn ọmọ wa sì ti ń gbé àpò ìwé kọ́ èjìká padà sí ilé-ìwé. Sáà kìn-ín-ní nínú ọdún ẹ̀kọ́ nìyí, láti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà títí di oṣù Dìsẹ́ńbà. Àwa tíṣà mọ̀ ọ́n sí sáà ìpìlẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni a ó kọ́ sáà kejì àti ìkẹta lé. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ ọ́n sí ìgbà tí ọjà ń yá, tí àwọn ènìyàn ń múra ọdún. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Ìgbà kan náà ni ọjà ń yá tí ìwé ń le, ọmọ kan ṣoṣo ni a sì jọ ń fà lọ́wọ́: ìyá rẹ̀ ń fà á sí ìsọ̀, èmi ń fà á sí kíláàsì.

Kí n tó ka àwọn ohun tí ó yẹ kí a rántí ní sáà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, tí ó sì kọ́ èmi alára lọ́gbọ́n.

ỌMỌ TÍ Ó Ń PA ILÉ-ÌWÉ JẸ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí orí rẹ̀ pé púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í wá ilé-ìwé déédéé. Bí ó bá wá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, yóò tún pa á jẹ. Bí mo bá bi í, yóò ní inú ni ó ń run òun, tàbí orí ni ó ń fọ́ òun. Mo bá a wí títí. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ilé rẹ̀, n kò rí èsì. Ní ọjọ́ kan, inú bí mi, mo ní kí ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì, mo sì pè é ní ọ̀lẹ. Kò fèsì. Omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀ ni.

Nígbà tí a ṣe ìdánwò àárín sáà, méje ni ó gbà nínú ogún nínú ìṣirò. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ìpín gbọọrọ, kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdajì àti ìdámẹ́rin, kò sí níbẹ̀. Ìṣirò dà bí àkàbà: bí igi méjì bá yọ lára rẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní ibi tí yóò tẹ̀ mọ́.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni tíṣà ń pe rẹ́jísítà, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹni tí ó wá, a fa igi fún un. Ẹni tí kò wá, a kọ òdo. Ní ìparí oṣù Ọkitóbà, mo jókòó láti ro iye ọjọ́ tí olúkúlùkù wá, mo sì tẹjú mọ́ òdo ọmọ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó wà ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó tún padà sí ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì.

Mo kọ́kọ́ rò pé ségesège lásán ni. Ìgbà tí ó yá ni mo wá ka ìka bí àwọn àgbà ilé wa ti máa ń kà á: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì: márùn-ún. Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun: márùn-ún. Ọjà ọrọọrún ni! Kò sí inú rírun kan láyé yìí tí ó mọ ọjọ́ ọjà.

MO GBA ỌJÀ LỌ

Nígbà tí ọjà náà tún pé, bí a ti ṣíwọ́ ni mo gba ọ̀nà ọjà. Mo bá ọmọ náà níwájú àpò gàrí àti àpò ẹ̀wà, kọ́ńgò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan ra gàrí àti ẹ̀wà papọ̀, ó na owó ńlá sí i. Kí n tó ṣẹ́jú, ọmọ yìí ti ka ṣéńjì lé e lọ́wọ́, kò sì lé, kò dín. Ọmọ tí mo fún ní méje nínú ogún!

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́bàá ọkọ̀, ó ń já ẹrù. Bí ó ti rí mi, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀.

Mo ní, “Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ajé á wá o.”

Ó ní, “Àṣẹ o, Tíṣà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ṣé nítorí owó yẹn ni ẹ fi wá? Mo ń wá a o.”

Mo ní, “Owó wo, Màmá?”

Ó ṣí agolo owó rẹ̀, ó mú bébà mẹ́ta jáde tí ó ká jẹ́jẹ́. Lẹ́tà mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Kò sí ọ̀rọ̀ owó kankan nínú wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ wọ́n, ìyá náà kò sì mọ̀wé. Ọmọ yìí kan náà ni ó ń kà wọ́n fún un, ó sì sọ fún un pé owó ni ilé-ìwé ń béèrè.

Àwa méjèèjì yíjú sí ọmọ. Ó wolẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá kà á bó ṣe wà, Màmá máa ní kí n má wá sọ́jà mọ́. Ta ni yóò wá dúró ti ọjà bí wọ́n bá ń já ẹrù? Wọ́n jí àpò gàrí wa kan gbé lọ́jọ́sí.”

Ìyá rẹ̀ fi ìdí iró nu ojú. Ó ní, “Tíṣà, mo mọ̀ pé kì í lọ ní ọjọ́ ọjà. Mo rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni, kí ni ọjọ́ kan lè bàjẹ́? Bí n kò bá tà lónìí, kí ni a ó jẹ títí ọjà mìíràn?”

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Èmi ni mo kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo pe ọmọ tí ó ń ṣọ́ oúnjẹ ilé wọn ní ọ̀lẹ. Mo bẹ ọmọ náà lójú ìyá rẹ̀, n kò sì rò pé iyì mi dín kù nítorí rẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ RẸ̀

Mo jókòó lórí àpótí, mo sì ṣírò rẹ̀ fún ìyá náà bí ọlọ́jà ti ń ṣírò èrè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ogún ọjọ́ ni ọmọ yẹ kí ó wá ilé-ìwé. Ọjọ́ ọjà márùn-ún ni yóò bọ́ sínú ogún ọjọ́ náà. Bí sáà bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìlá, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ nìyẹn: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọmọ tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà ti pàdánù ọdún kan àtààbọ̀ nínú ọdún mẹ́fà. Ọlọ́jà wo ni yóò ra ogún àpò lóko, tí yóò jẹ́ kí márùn-ún já bọ́ lójú ọ̀nà, tí yóò sì ní kò sí nǹkan?

Ìyá náà káwọ́ lérí. Kò tíì sí ẹni tí ó ṣe ìṣirò náà fún un rí.

Ohun tí a fi ẹnu kò sí kò ṣòro. Òun àti aládùúgbò rẹ̀ tí ó ń ta ata yóò máa ṣọ́ ọjà ara wọn: bí ọ̀kan bá ń já ẹrù, èkejì yóò mójú tó ìsọ̀ méjèèjì. Ọmọ yóò lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀, bí a bá sì ṣíwọ́, yóò wá bá ìyá rẹ̀ lọ́jà. N kò ní purọ́ fún yín pé òdo tán pátápátá. Kí sáà náà tó parí, ó tún pa ilé-ìwé jẹ ní ọjọ́ ọjà méjì, nígbà tí ara aládùúgbò náà kò yá. Ṣùgbọ́n ní sáà kẹta, ó wà nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ọjọ́ 17 oṣù January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti gbogbo Nàìjíríà dé ní ọdún 2004. Òfin yìí ní dandan ni kí òbí rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, kí ọmọ náà sì parí rẹ̀. Òbí tí ó bá kọ̀, ìbáwí ni fún un ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Bí ó bá tún ṣe é, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, tàbí méjèèjì.

Òfin náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ òbí nìkan. Ẹni tí ó bá gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ òfin yìí lè san ₦10,000 tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní wọ́n ń béèrè owó, ẹ má fi bébà pamọ́ sínú agolo. Ẹ wá bi ọ̀gá ilé-ìwé pé owó kí ni.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A RÁNTÍ

Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà: Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Àwọn kan rò pé koríko ni a ń ro ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Irọ́ ni, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sára ìwé àti àpò rẹ̀. Bí nọ́ńbà fóònù yín bá ti yí padà, ẹ sọ fún tíṣà, kí ẹ sì sọ ẹni tí ó lè wá mú ọmọ lọ sílé. Bí ọmọ bá ní fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ikọ́ fée, ẹ má fi bò; ẹ pe tíṣà sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe bí ó bá dé.

Oṣù Ọkitóbà: Ọjọ́ kìíní oṣù yìí ni ìrántí òmìnira tí a gbà ní 1960, bí ilé-ìwé yín yóò bá yan bí ológun, ẹ fọ aṣọ ọmọ sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ karùn-ún ni Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ ní gbogbo àgbáyé, tí a ti ń ṣe láti 1994. A kò béèrè ẹ̀bùn. “Ẹ kú iṣẹ́” nìkan tó wa. Ọjọ́ 15 ni ọjọ́ ọwọ́ fífọ̀ ní gbogbo àgbáyé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008: ẹ kọ́ ọmọ láti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun àti bí ó bá ti ilé ìgbẹ́ dé. Òjò ṣì ń rọ̀, ẹ̀fọn sì pọ̀. Ẹ da omi inú agolo àti táyà nù, kí ọmọ sì sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Bí ìsinmi àárín sáà bá dé, ọjọ́ péréte ni. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kan kún un.

Oṣù Nofẹ́ńbà: Oṣù ìkórè ni ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà sì ń gbóná. Oṣù yìí ni òdo ń pọ̀ jù nínú rẹ́jísítà tèmi. Ẹ rántí pé máàkì iṣẹ́ kíláàsì àti ìdánwò kéékèèké wà lára máàkì ìparí sáà; ẹni tí kò wá kò lè rí wọn gbà. Ní alẹ́, kí ẹ tó ka owó ọjà, ẹ ní kí ọmọ ṣí ìwé rẹ̀ fún yín. Bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀wé, ẹ mọ ìwé tí a kọ nǹkan sí yàtọ̀ sí èyí tí ó ṣófo.

Oṣù Dìsẹ́ńbà: Ìdánwò dé, ọyẹ́ náà dé. Ẹ wọ súwẹ́tà fún ọmọ láàárọ̀, ẹ fi òróró pa á lára, ẹ jẹ́ kí ó mu omi dáadáa, pàápàá ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí òtútù a máa ta á jí. Ẹ ṣọ́ iná àbẹ́là, ẹ má fún ọmọdé ní bángà. Ní ọjọ́ ìparí sáà, ẹ wá fúnra yín láti gba èsì ìdánwò lọ́wọ́ tíṣà. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ mélòó ni ọmọ yín kò wá.

Ẹ̀YIN TÍṢÀ ẸGBẸ́ MI

Ọ̀rọ̀ kan kù fún wa. Ẹ jẹ́ kí a mọ ọjọ́ ọjà ìlú tí a ti ń ṣiṣẹ́. Kí ni ó dé tí a fi ń pe ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ọjọ́ ọjà, tí a ó sì máa ráhùn pé àwọn ìyá kò wá? Ẹ jẹ́ kí a kọ lẹ́tà ní Yorùbá sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí a pè é lórí fóònù, tàbí kí a lọ bá a ní ìsọ̀. Bí òdo bá pọ̀ fún ọmọ, kí a ka ìka kí a tó mú pàṣán.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyá nílò ọmọ lọ́jà, ọmọ nílò ìyá lẹ́yìn ìwé, àwọn méjèèjì sì nílò tíṣà tí yóò béèrè kí ó tó bá wọn wí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bí ó ti wù kí èrè ọjà pọ̀ tó.

Ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ajé á wá, àwọn ọmọ á sì mọ̀wé.