Kí Wọ́n Tó Rẹ́ Ògiri

Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa tí wọ́n ń gba òde sísè káàkiri Èkó, ni wọ́n pè mí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, iṣẹ́ wo gan-an lo tiẹ̀ ń ṣe?" Wọ́n ní àwọn ń rí mi láràárọ̀ tí mo máa ń dé akoto funfun jáde, ṣùgbọ́n àwọn ò rí dírílù lọ́wọ́ mi rí, àwọn ò sì rí òòlù. Mo ní iṣẹ́ wáyà ni. Wọ́n ní, "Oníná ni ọ́ nìyẹn." Mo ní rárá o. Wọ́n wò mí bíi pé mò ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ni mo bá jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ńṣì.

Oníná ló ń fa wáyà tó ń gbé iná 230 fóltì lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù. Ìyẹn lè pani. Wáyà tín-ín-rín ni tiwa: èyí tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, lẹ́yìn Wi-Fi, lẹ́yìn agogo ìdágìrì iná, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún káàdì, àti ẹ̀rọ tí àlejò máa ń tẹ̀ ní géètì kí onílé tó dá a lóhùn. Òmíràn ń jẹ 12 fóltì, òmíràn 24, èyí tó bá sì ń gba iná àti íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ nínú wáyà kan ṣoṣo ń jẹ bíi 48. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe iṣẹ́ yìí ní low voltage. ELV (extra-low voltage) ni àwa tí a kọ́ ọ lọ́nà ti Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, torí nínú ìlànà àwọn ẹnjiníà àgbáyé, iná ilé tí kò tíì kọjá 1,000 fóltì ṣì ń jẹ́ low voltage. Mo ti rí ìwé iṣẹ́ tí orúkọ méjèèjì wà nínú rẹ̀, tí èmi àti oníná jọ jókòó tí a ń jiyàn lórí ẹni tó ni iṣẹ́ géètì.

Èmi ni alábòójútó iṣẹ́ ọ̀hún. PM ni wọ́n ń pè mí ní sáìtì. Mo bi Ìyá Ìbejì pé níbi òkú tí wọ́n sè fún lọ́sẹ̀ tó kọjá, ta ló ro àmàlà? Wọ́n ní àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn ni. Ta ló mọ iye ẹran tó máa tó? Wọ́n ní àwọn ni. Ta ni wọ́n wá bú nígbà tí ọbẹ̀ ò kárí? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní tèmi náà nìyẹn.

Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà: tí iyọ̀ ò bá tó ọbẹ̀, èèyàn lè fi sí i. Inú ògiri ni iṣẹ́ tèmi ń gbà, ògiri kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bíríkìlà á to búlọ́ọ̀kù tán, ẹ ó gbẹ́ ọ̀nà pípù sínú rẹ̀, ẹ ó ri àpótí kéékèèké sí ibi tí ẹ̀rọ máa wà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ́ ẹ. Àwọn onípéńtì á dé, àwọn tó ń ṣe àjà POP á dé. Bí o bá pàdánù ọjọ́ tìrẹ láàárín wọn, òòlù ni wàá fi wá ọ̀nà.

Mo ti pàdánù rẹ̀ rí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta kan ni. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe àjà POP lórí WhatsApp pé kí wọ́n dúró dè wá di Ọjọ́bọ̀, mo rí àmì méjì aláwọ̀ búlúù, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, àjà ti funfun báláú láti igun dé igun, kò sì sí wáyà kan lókè rẹ̀. Ihò 11 la lù. Owó àtúnṣe wá láti inú èrè mi, mi ò sì rí ẹni bá wí, torí pé ẹni tó ka ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn kọ́ ló ń pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Láti ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń lọ wò ó. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri kọ̀ọ̀kan, mo máa ń na téèpù sára rẹ̀ kí n tó ya fọ́tò, kó lè hàn pé pípù yìí fi mítà kan àti díẹ̀ jìnnà sí igun. Lọ́dún mẹ́ta sí i, tí ẹnì kan bá fẹ́ kan ìṣó láti fi àwòrán ìgbéyàwó kọ́, fọ́tò yẹn ló máa gbà á.

Apá tí mo fẹ́ràn jù ni ilẹ̀kùn. Lókè ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tí wọ́n ń fi káàdì ṣí, irin gbọọrọ kan wà tó ń di òòfà nígbà tí iná bá wọ inú rẹ̀. Ó lè di irin kejì tó wà lára ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú agbára tó tó kílò 280. Iná lọ, òòfà kú, ilẹ̀kùn ṣí. Nítorí náà, kí n tó bi oníbàárà léèrè irú kámẹ́rà tó wù ú, mo máa ń bi í pé: bí NEPA bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀, tí bátìrì náà tán, ṣé kí ilẹ̀kùn yìí ṣí ni àbí kó tì pa? Ọ̀pọ̀ wọn kì í lè dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ń ronú nípa olè á ní kó tì pa. Màá tún bi í pé, bí iná bá wá ń jó ńkọ́, tí èèyàn 40 wà nínú? (Orúkọ kan náà la fi ń pe iná NEPA àti iná tó ń jóni. Lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, ó yẹ kí ẹnì kan yà wọ́n sọ́tọ̀.)

Ibi tí àwọn èèyàn máa gbà sá jáde, òòfà la máa ń lò níbẹ̀, agogo ìdágìrì sì gbọ́dọ̀ gé iná rẹ̀ kúrò fúnra rẹ̀ ní kété tó bá dún. A tún máa ń fi àpótí aláwọ̀ ewé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀ láti gé e. Yàrá tí wọ́n ń kó ọjà sí lè gba irú kọ́kọ́rọ́ tó máa tì pa bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú á kàn tẹ ọwọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni, á jáde, iná wà o, iná ò sí o. Wáyà tó so agogo mọ́ ilẹ̀kùn ò ju méjì lọ. Òun gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé, torí ẹni tó ń ṣe agogo rò pé ti onílẹ̀kùn ni, onílẹ̀kùn rò pé ti alágogo ni. Iṣẹ́ mi ni láti kọ orúkọ ẹnì kan sí i lórí ìwé.

Ọjọ́ àyẹ̀wò, mo máa ń pa mẹ́ìn-sùwíìṣì ilé, màá sì jókòó máa wo bí bátìrì ṣe máa pẹ́ tó. Bátìrì 12 fóltì tó jẹ́ 7 Ah, pẹ̀lú òòfà tó ń jẹ ìdajì áńpíà, wákàtí 14 ló yẹ kó lò lórí ìwé. Ẹ má retí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bátìrì tó ti lo ọdún mẹ́ta nínú ooru.

Ìyá Ìbejì ní báwo ni mo ṣe ń mọ ọjà gidi? Mo mú abala wáyà kan nínú àpò mi. Páálí kan rẹ̀ gùn tó 305 mítà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ 8 ló wà nínú rẹ̀, méjì-méjì lọ́ mọ́ra. Ó yẹ kó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀. Mo fi abẹ fá ọ̀kan, ara rẹ̀ sì funfun lábẹ́ àwọ̀ bàbà. Alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba nítòsí. Bí kámẹ́rà tó ń gba iná nínú rẹ̀ bá jìnnà, ẹ ó máa rí i tó ń kú tó ń jí lóru. Ojúlówó náà ní òpin o: 100 mítà ni. Géètì tó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn onídígí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ la máa ń fà lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wọ́n jù lọ ní sáìtì ni "kàn". "PM, ẹ kàn bá mi fi kámẹ́rà kan síbí." "Ẹ kàn jẹ́ kó máa tọ́jú àwòrán fún oṣù mẹ́ta dípò ọ̀kan." Mo máa ń fa ẹ̀rọ ìṣirò yọ nítorí rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń fi mẹ́gábíìtì 4 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ bíi GB 43 lójúmọ́. Ẹ sọ ọ́ di kámẹ́rà 16 fún oṣù kan, ó ti lé ní TB 20. Oṣù mẹ́ta ti kọjá TB 60, owó dọ́là la sì fi ń ra díìsìkì. Látìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa léfòó ní Júùnù 2023, ọjọ́ 7 péré ni mo ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé iye owó mi pé iye náà máa fi dúró. Àwọn kan rò pé ìgbéraga ni.

Ìyá Ìbejì dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ilé tí àwọn ń kọ́ sí Ìkòròdú, àwọn fẹ́ fi kámẹ́rà mẹ́rin sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn di ìgbà tí àwọn bá kó wọlé. Mo ní ibo ni iṣẹ́ dé? Wọ́n ní òrùlé ti wà lórí rẹ̀, àwọn bíríkìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Mo dìde lórí bẹ́ńṣì. "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe bíríkìlà yẹn nísinsìnyí."