Igbó tí onílẹ̀ kò lè lé àlejò kúrò nínú rẹ̀

Ní ìlú Oslo, tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láàárín ìgboro, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu igbó kìjikìji kí wákàtí kan tó pé. Frognerseteren ni orúkọ ibùdókọ̀ tó gbẹ̀yìn lójú irin náà. Nígbà òtútù, tí yìnyín funfun bí òwú bá ti bo ilẹ̀, tàgbà tèwe ló ń gbé pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì-méjì wọ ọkọ̀ yìí. Síkì ni wọ́n ń pè é. Wọn á dè é mọ́ bàtà, wọn á mú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, wọn á sì máa yọ̀ lọ lórí yìnyín wọ inú igbó. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn ín.

Marka ni wọ́n ń pe gbogbo igbó tó yí Oslo ká, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 1,700 kìlómítà onígun mẹ́rin. Nordmarka, tó wà ní ìhà àríwá ìlú, ló lókìkí jù nínú wọn. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi sàmì ló ń tọ́ka ọ̀nà síkì. Ọ̀dà búlúù sì ń tọ́ka ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n fa iná sí ojú ọ̀nà mìíràn, nítorí pé oòrùn máa ń tètè wọ̀ lọ́hùn-ún nígbà òtútù. Ẹgbẹ́ Skiforeningen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1883, wà lára àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ yìnyín ojú ọ̀nà kó lè tẹ́jú.

Ohun tó lè ya àgbẹ̀ lẹ́nu ni pé igbó yìí ní olówó. Ìdílé Løvenskiold ló ni apá tó pọ̀ nínú Nordmarka, wọ́n sì ń gé gẹdú tà níbẹ̀. Ìjọba ìlú Oslo náà ní tirẹ̀. 1889 ló ra ilẹ̀ Frognerseteren. Síbẹ̀, onílẹ̀ kò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Àṣà àtayébáyé ni, òfin tí wọ́n ṣe ní 1957 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn nínú igbó tí a kò dáko sí, láìtọrọ àyè, láìsan kọ́bọ̀.

Òfin náà kò gbàgbé àgbẹ̀. Àlejò kò gbọdọ̀ gba inú oko kọjá àfi bí ilẹ̀ bá ti dì tàbí tí yìnyín bá bò ó. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ irúgbìn olóko. Ẹni tó bá fẹ́ pàgọ́ sùn gbọ́dọ̀ jìnnà tó 150 mítà sí ilé tí ènìyàn ń gbé. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, dídá iná nínú igbó tàbí nítòsí rẹ̀ láìgbàṣẹ di èèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi mímu tún wà níbẹ̀. Adágún Maridalsvannet, tó wà lẹ́nu igbó, ni nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 omi tí ará Oslo ń mu ti ń wá. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ilé rọ́pò igbó tó yí i ká, inú ìkòkò omi ará ìlú ni ìdọ̀tí yóò parí sí.

Igbó náà kò ṣàdédé ṣẹ́kù. Ní 1946, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun Hitler parí, wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ iná mànàmáná wọ Nordmarka. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tú síta ní Oslo láti sọ pé àwọn kò gbà. Ìjà lórí ààlà igbó kò tán síbẹ̀. Ní 2009 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá ṣe òfin kan fún Marka nìkan, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ó fa ààlà igbó sórí máàpù, ó sì ka ilé kíkọ́ léèwọ̀ nínú rẹ̀, àfi èyí tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ gẹdú.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Àwọn tó ń rìn nínú igbó ń ráhùn pé bí wọ́n ṣe ń gé igi lulẹ̀ rẹrẹẹrẹ ń run igbó àtijọ́, katakata sì ń ba ojú ọ̀nà jẹ́. Èsì àwọn onílẹ̀ ni pé gẹdú ni àwọn ń jẹ, àti pé igi mìíràn ń hù rọ́pò. Èkejì ju òfin lọ: ayé ń gbóná sí i, yìnyín sì ń dín kù, pàápàá lójú ọ̀nà tó sún mọ́ ìgboro. Níbòmíràn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe yìnyín kí síkì lè rí ibi yọ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tú síta ní 1946 ti lọ sọ́run, àwọn tó ṣẹ́kù ti darúgbó. Ọ̀nà tí wọ́n jà fún kò tíì dí, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń rìn ín.