Ìmọ̀ràn kọ́ ló kù fún àgbàlagbà tó ní ADHD

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa tí òwò ẹja inú yìnyín fi ń gbóná ní Ìjọra. Àwọn tó ń ra títù, kọ́tẹ̀, ṣáwá àti pànlá ní páálí-páálí ní kóòdù-rúùmù, tí wọ́n ń gbé e lọ tà ní Mushin, Yaba àti Surulere, mọ̀ pé yìnyín kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó gbàgbé iye tó wà lọ́wọ́ oníbàárà, ẹni tó dúró dá sí ìjà oníjà títí oòrùn fi mú, òfò ló máa kó relé. Lójú ọ̀nà tó gba ibẹ̀ lọ sí Àpápá, awakọ̀ tírélà tí ọkàn rẹ̀ fò lọ fún ìṣẹ́jú kan lè dá ẹ̀mí légbodò. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kì í fàyè gba ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, kò sì ṣaláìní orúkọ tó máa pè é: ọ̀lẹ, aláìbìkítà, ẹni tí wọ́n ń ṣe láti ilé. Òótọ́ ni pé ọ̀lẹ wà láyé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí à ń pè bẹ́ẹ̀, a rí àwọn tí ọpọlọ wọn kò ṣiṣẹ́ bíi ti ẹgbẹ́ wọn láti kékeré, ipò tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD. Ohun tí a sì máa ń fún wọn jù, ìyẹn ìmọ̀ràn, ìbáwí àti ìwàásù, ló wúlò fún wọn kéré jù.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1902, dókítà àwọn ọmọdé kan ní London, George Still, ṣàlàyé fún àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa àwọn ọmọ tí òye wọn pé ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé bí ọmọ bá ti dàgbà, ó ti bọ́ nínú rẹ̀. Ìwé DSM-5 tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 ló wá là á kalẹ̀ bí wọn yóò ṣe dá a mọ̀ lára àgbàlagbà: ó kéré tán àmì 5 nínú 9, yálà ti ọkàn tí kì í pa pọ̀ tàbí ti ìwàǹwára àti ara tí kì í gbé jẹ́ẹ́, kí díẹ̀ nínú wọn ti hàn kí ẹni náà tó pé ọmọ ọdún 12, kí wọ́n máa yọjú níbi méjì ó kéré tán, bí ibi iṣẹ́ àti ilé, kí wọ́n sì máa dí ayé rẹ̀ lọ́wọ́ ní tòótọ́. Ìwádìí tó bá Àjọ Ìlera Àgbáyé tan, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 20, tó sì jáde ní 2017, rí i lára ìdá 2.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà. Ní Nàìjíríà, orí ọmọdé ni ìwádìí pọ̀ sí. Adewuya àti Famuyiwa yẹ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 1,112 wò, wọ́n sì kéde ní 2007 pé ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní in. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di àgbà báyìí. Wọ́n ti ń wakọ̀, wọ́n ti ń tajà, àwọn míì ti bímọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́kàn pé àìtọ́ ọmọ dáadáa ló ń fà á. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó ìwádìí orí ìbejì jọ láti onírúurú ilẹ̀, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn kan sí èkejì lórí ọ̀rọ̀ yìí, àjogúnbá ló fà á. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni ohun tí Russell Barkley, onímọ̀ ìhùwàsí ọmọ Amẹ́ríkà, ti ń tẹnu mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún: ẹni tó ní ADHD mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ṣíṣe é lásìkò tó yẹ ni kò ṣeé ṣe fún un. Ìyá ẹlẹ́ja mọ̀ pé gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀, gbèsè tó sọnù ni. Bí ẹlòmíì bá ti ń ná ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, tí fóònù ń dún, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn, gbèsè ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ kí ó tó mú bírò. Èrè tàbí ìyà tó bá ṣì jìnnà kì í wúwo lójú irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà níwájú nìkan ló ń wúwo. Nítorí náà, kí lẹ fẹ́ fi "ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti sọ fún ọ?" ṣe? Ó lè ka ìmọ̀ràn náà sí yín létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó tún pẹ́ lọ́la.

Owó ńlá ni èyí ń jẹ àwọn tó ni iṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe é. Ìwádìí kan láàárín òṣìṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 10, tó jáde ní 2008, ṣírò pé bí ọjọ́ 22 lọ́dún ló ń ṣòfò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ní ADHD ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, yálà kò wá síbi iṣẹ́ tàbí ó wá ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò yọrí. Ti awakọ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọpa èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2.3 tó ní ADHD, wọ́n sì kéde ní 2017 pé ní oṣù tí àwọn ọkùnrin bá lo oògùn wọn, ewu kí jàǹbá ọkọ̀ gbé wọn dé ilé ìwòsàn fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti oṣù tí wọn kò lò ó. Ti àwọn obìnrin fi ìdá 42 dín. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó ní kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Margaret Sibley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó ní ADHD fún ọdún 16 títí wọ́n fi dàgbà. Nǹkan bí ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àmì náà ń lọ tó ń bọ̀ lára wọn, ìgbà tí ara sì tù wọ́n jù sábà máa ń bọ́ sí ìgbà tí ojúṣe pọ̀ lọ́rùn wọn. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ara tù ló ń gba ojúṣe kún ojúṣe, ìwádìí náà kò lè parí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi yé wa pé iṣẹ́ kọ́ ni ọ̀tá wọn. Iṣẹ́ tí kò ní gbèdéke, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ni ọ̀tá wọn.

Ibí yìí ni Ìjọra ti ní nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì olówó ńlá kò ní: alájọ. Ní ojoojúmọ́, alájọ á wá bá ọlọ́jà nídìí igbá, á gba owó ọjọ́ náà, á sàmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, á kó ìyókù fún ẹni tó ni ín. Ilé ìfowópamọ́ ń retí kí ẹ rántí kí ẹ wá. Alájọ kò bìkítà bóyá ẹ rántí, ó ti dúró síwájú yín. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ní kí a ṣe fún ADHD ló wà nínú ètò yìí: kí ìránnilétí àti àbájáde bọ́ síbi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, lásìkò tó ń ṣẹlẹ̀, kí ó má sì jẹ́ inú orí ẹni nìkan ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ iṣẹ́ tí ojúṣe rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ láti kọ gbèsè sílẹ̀ kí oníbàárà tó gbẹ́sẹ̀, áláàmù tó ń dún ní àsìkò tó yẹ kéèyàn kúrò nílé dípò àsìkò tó yẹ kó dé, ìṣó kan lẹ́nu ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2010, Steven Safren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú ètò yìí wò lára àgbàlagbà 86 tí wọ́n ti ń lo oògùn ṣùgbọ́n tí ara wọn kò tíì balẹ̀. Ìjókòó 12 lórí bí a ṣe ń ṣètò ọjọ́, bí a ṣe ń gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, ràn wọ́n lọ́wọ́ ju kíkọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè fara balẹ̀ lọ. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ nílẹ̀ wa ni pé ojú máa ń ti àgbàlagbà láti sọ pé òun nílò ẹni tí yóò rán òun létí.

Ilé ni ìtìjú náà ti ń dunni jù, pàápàá fún obìnrin. Bí ọkọ bá gbàgbé owó iléèwé, wàhálà iṣẹ́ ló fà á. Bí ìyàwó bá gbàgbé rẹ̀, wọ́n á ní kò mọ ilé í tọ́jú. A ti gbà pé orí obìnrin ló yẹ kí gbogbo àkọsílẹ̀ ilé wà: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìnáwó ẹbí, gáàsì tó fẹ́ tán. Kò sì yani lẹ́nu pé àwọn obìnrin kan kì í mọ̀ pé àwọn ní ADHD àfi ìgbà tí ọmọ wọn bá kó wàhálà rẹ̀ dé iléèwé, tí wọ́n sì rí ara wọn nínú ohun tí dókítà ń kà sílẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní Britain ní 2025 ṣírò pé ẹ̀mí àwọn ọkùnrin tí dókítà ti kọ ADHD sílẹ̀ fún fi bí ọdún 6.78 kúrú sí ti àwọn ẹlòmíì, ti àwọn obìnrin sì fi ọdún 8.64 kúrú. Àwọn tí dókítà ti mọ̀ nìkan ni ìwádìí náà kà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tí tiwọn le jù ni wọ́n.

Ẹlòmíì á ní ta ni ọkàn rẹ̀ ń pa pọ̀ ní Èkó? Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ariwo jẹnẹrétọ̀, oorun wákàtí mẹ́rin, gbogbo wa la ní in nìyẹn. Àtakò yìí lágbára. Àìsùn tó, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìdààmú owó, gbogbo wọn lè jọ ADHD. Nínú ìwádìí tí Terrie Moffitt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lára àwọn ará Dunedin ní New Zealand, tó jáde ní 2015, wọ́n rí i pé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí àmì náà hàn lára wọn lẹ́ni ọdún 38 ni kò ní in ní kékeré. Ìyẹn gan-an ni ìdí tí òfin ọdún 12 fi wà: Èkó kò lè rẹ ọmọ ọdún méje bó ṣe ń rẹ awakọ̀. Òótọ́ náà ni pé fídíò orí fóònù ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo fídíò ADHD 100 tó gbajúmọ̀ jù lórí TikTok, wọ́n ní bí ìdajì wọn kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí a má ṣe fi àìsàn ṣe àwáwí, ẹ jẹ́ kó wo ohun tí a ń béèrè: ètò bíi ti alájọ ni, kì í ṣe ìdáríjì. Alájọ kì í dárí owó ji ẹnikẹ́ni. Ètò ló ń mú kí àgbàlagbà san án.

Oògùn methylphenidate tí wọ́n fi ń tọ́jú ADHD ti wà lọ́jà láti 1954, ó sì ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀; síbẹ̀ ní 2019 àti 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ̀ láti fi í sínú àkójọ oògùn kòṣeémáàní rẹ̀, èyí tí kò ran orílẹ̀-èdè bíi tiwa lọ́wọ́. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin ọdún 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè, ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í pèsè dókítà. Ìjọra kò jìnnà sí Yaba, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 1907. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá yín mu, ẹ má fúnra yín pè é ní ADHD. Ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ mú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n kan dání, pẹ̀lú káàdì èsì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá ṣì ní in, nítorí bí ẹ ṣe rí kí ẹ tó pé ọmọ ọdún 12 ni yóò kọ́kọ́ béèrè.