Géèmù Tí Mo Fẹ́ràn, Àti Àwọn Tó Ń Mú Mi Bínú

Ní ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Igbaye, ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Òkukù. Tẹlifíṣàn mẹ́ta, PlayStation 2 mẹ́ta, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń ké ní ẹ̀yìnkùlé bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ogún náírà ni wọ́n ń gbà fún bọ́ọ̀lù kan. Ẹni tó bá borí ni yóò jókòó. Ẹni tí wọ́n bá nà yóò gbé páàdì sílẹ̀, yóò sì lọ wá ogún náírà mìíràn. Èmi nìkan ni obìnrin tó máa ń wọ ibẹ̀, yàtọ̀ sí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí í wá gba owó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Mo ti dàgbà báyìí. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Yorùbá ní yunifásítì, iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni mo sì fi ń jẹun, ṣùgbọ́n n kò tíì fi géèmù sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa bi mí léèrè èwo ni mo fẹ́ràn jù, èwo ni n kò sì fẹ́ rí sójú. Wọ́n rò pé màá sọ̀rọ̀ nípa àwòrán tó rẹwà tàbí ìtàn tó dùn. Ìbéèrè kan péré ni mo máa ń bi géèmù kí n tó dá a lẹ́jọ́: bí o bá nà mí, ṣé màá mọ ohun tó nà mí?

Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà mi ni mo ti kọ́ ìbéèrè yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fọwọ́ kan páàdì rí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ayò ni eré tiwọn. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀kan tó fara pamọ́. Ohun tí wọ́n ń rí ni èmi náà ń rí. Síbẹ̀, wọn yóò ta ọmọ díẹ̀, wọn yóò jẹ mí ní ihò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn yóò sì wò mí lójú: “Ọ̀pẹ ni ọ́, ọmọ mi. Ó ti wà níwájú rẹ tipẹ́, o kàn kọ̀ láti kà á ni.” Ó máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kò lè bínú sí ọpọ́n. Èmi ni mo ṣì í ta.

Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ló mú kí n fẹ́ràn Tetris. Alexey Pajitnov ló ṣe é ní Moscow ní ọdún 1984, ṣùgbọ́n àwa tí a dàgbà ní Igbaye kò mọ orúkọ yẹn. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ olóníbátìrì tí wọ́n ń tà lọ́jà ni a mọ̀, tí a ń pè ní Brick Game. Bíríkì ń já bọ́ láti òkè, a ń yí wọn, a ń tò wọ́n. Bí ìlà kan bá kún, á parẹ́. Bí o bá fi àlàfo kan sílẹ̀ lónìí, òun ni yóò pa ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, ta á títí tí ẹ̀rọ fi dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ejò inú fóònù Nokia náà wà ní ẹgbẹ́ yìí. Taneli Armanto ló kọ ọ́ sínú Nokia 6110 ní ọdún 1997. Èyí tó kàn wá lára ni ti 3310, lórí fóònù ìyá mi. Ejò ń jẹ, ejò ń gùn, títí ìrù ara rẹ̀ yóò fi dí i lọ́nà. Kò sí ẹni tí a lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní dandan ni kí n mú ẹyọ kan, Pro Evolution Soccer 6 ni. Ilé iṣẹ́ Konami ti Japan ló gbé e jáde ní ọdún 2006. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, “Winning” ni gbogbo wa ń pè é. Konami kò rí àṣẹ gbà láti lo orúkọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, nítorí náà Chelsea di London FC, Liverpool sì di Merseyside Red. Ó pẹ́ kí àbúrò mi ọkùnrin tó gbà pé Liverpool ni orúkọ àbísọ, tí Merseyside Red jẹ́ orúkọ ìnagijẹ. Adriano ti Inter Milan ni ọba ibẹ̀. Agbára tí wọ́n fún un láti fi gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n jẹ́ 99, kò sì sí iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè ti àárín pápá gbá a, kí ọwọ́ aṣọ́lé má tó o. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀bù ṣe òfin: ẹni tó bá mú Inter yóò san ogójì náírà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó fi Brazil nà mí lójoojúmọ́ fún bí oṣù kan. Bí mo bá délé, màá dùbúlẹ̀, màá máa tún bọ́ọ̀lù náà gbá nínú ọkàn mi. Ó hàn sí mi kedere: mo máa ń sáré yọ ẹ̀yìn mi síwájú jù, òun a sì gba àlàfo tí mo fi sílẹ̀ kọjá. Mo kọ́ bí a ṣe ń dúró. Ọjọ́ tí mo nà án ní 2–1, ó ní páàdì òun ló bàjẹ́. A pààrọ̀ páàdì. Mo tún nà án.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí ti ìbínú.

Àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe géèmù. Nínú Master League, mo gbé ẹgbẹ́ kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, sáà mẹ́rin gbáko. Mo ń fi í pamọ́ sínú memory card ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí iná lọ. Nígbà tí iná dé, káàdì ti ṣófo. Mo sunkún débi pé ìyá mi rò pé ẹnìkan kú. Ti òde òní tún wá burú jù. Bí mo bá jókòó ní Igbaye tí mo ń ta géèmù ìbọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tí fóònù mi ń sọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá kan lókè òkun, kí ó sì padà. Ẹlòmíràn ti pa mí kí n tó rí i. Ọwọ́ mi kò lọ́ra, ọ̀nà ló jìn.

Ìbínú kejì jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ilé iṣẹ́ Hi-Rez ní Amẹ́ríkà ní eré ogun kan tó ń jẹ́ Smite, tó kó àwọn òrìṣà ilẹ̀ káàkiri ayé jọ sójú ìjà. Yemọja wà níbẹ̀. Inú mi dùn, títí mo fi rí ẹlòmíràn: Ọlọ́run. Ó ní ìwọ̀n ẹ̀mí bíi ti àwọn oníjà yòókù, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ta lè pa á. Ní ọ̀dọ̀ wa, Ọlọ́run kò ní ojúbọ, a kì í gbẹ́ ère rẹ̀. Àwọn òrìṣà là ń rán sí i. Ta ni yóò wá bá a jà? Iṣẹ́ ọnà rẹ̀ wù mí o, n kò ní purọ́. Mo kàn máa ń pa fóònù mi dé bí wọ́n bá ti fẹ́ pa á.

Ìkẹta ni n kò lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Géèmù bọ́ọ̀lù kan wà lórí fóònù tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi wà nínú àpò tí wọ́n dì, tí a óò fi owó rà láìmọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fi òru mẹ́ta ra àpò wọ̀nyí pẹ̀lú owó tó wà ní báǹkì ìyá wa: 23,500 náírà, owó tí wọn ìbá fi ra epo pupa tí wọ́n ń tà. Èmi ni mo kọ nọ́ńbà káàdì wọn sórí fóònù náà, nítorí géèmù kan tí mo fẹ́ rà fún ara mi, mo sì gbàgbé láti pa á rẹ́.

Ìyá mi kò nà án. Èmi ni wọ́n yíjú sí: “Ìwọ lo kó o wọlé.” Nígbà tí mo bi àbúrò mi léèrè ìdí tí kò fi dúró, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé àpò tó kàn ni yóò bọ́ sí i ni.” Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n fèsì pé ohun tí a ti ṣí, a ti lò ó.

Ní ọdún 2018, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Belgium ti kéde pé tẹ́tẹ́ ni irú àpò bẹ́ẹ̀ nínú àwọn géèmù kan. Mo ka ìròyìn náà nígbà náà, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Belgium jìnnà sí Igbaye. Lẹ́yìn owó epo yẹn, mo wá ẹni tó na àbúrò mi, n kò rí i. Kò ṣi ayò ta. Wọn kò fi ọmọ ayò hàn án ni.

Síbẹ̀, mo ṣì ń retí géèmù kan. Àwọn ará Kiro'o Games ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, gbé Aurion jáde ní ọdún 2016, ìtàn àti ìlù ilẹ̀ adúláwọ̀ ló kún inú rẹ̀. Maliyo náà ti ń ṣe tiwọn ní Èkó láti ọdún 2012. Ìtàn tó tó géèmù ṣe wà nílẹ̀ ní agbègbè wa. Ní ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì dó ti Ìkìrun, Ìbàdàn dé, ó tú wọn ká, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá lọ sì kó sínú odò Ọ̀tìn. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ Jálumi. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe é, kí ó má fi mí ṣe balógun. Kí ó fi mí ṣe obìnrin kan nínú Ìkìrun tó ń ṣírò iye iṣu tó kù nínú àká, tó ń tẹ́tí sí ariwo lẹ́yìn odi. Bí mo bá kú, kí n mọ̀ bóyá ebi ni, tàbí odò, tàbí ìwà òmùgọ̀ mi.

Oṣù méjì ni mo fi san owó epo náà padà. Láti ìgbà náà, bí ìyá mi bá ti rí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé, wọn yóò béèrè pé, “Ṣé èyí ń gba owó?” Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Kérésì tó kọjá, mo fi Ejò hàn wọ́n lórí Nokia kékeré olótọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń pe àwọn oníbàárà. Wọ́n béèrè. Mo ní, “Rárá, Mọ́mì, kò gba kọ́bọ̀.” Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.

Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́, àbúrò mi gba iwájú yàrá wọn kọjá, ó rí ìmọ́lẹ̀. “Mọ́mì, ẹ ò tíì sùn?” Wọ́n ní kí ó dákẹ́ ẹnu rẹ̀, ejò ti gùn.